Ẹni tí ara rẹ̀ kọ gluten: ṣé ó ṣì lè jẹ púfù-púfù, ṣé ó ṣì lè jẹun lóde?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú London ni mò ń gbé, mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò sì gòkè, inú mi a sì máa wú. Lóṣù tó kọjá ni dókítà sọ pé coeliac ni, pé n kò gbọdọ̀ jẹ gluten mọ́ láyé. Ọkọ mi sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi semo rọ́pò búrẹ́dì, pé semo kì í ṣe fláwà. Mo ra búrẹ́dì wọn tí kò ní gluten, ó dà bíi páálí, ó tún wọ́n. Èyí tó dùn mí jù ni pé n kì í jẹ nǹkan kan mọ́ níbi ìnáwó, àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé mò ń ṣe fújà. Ṣé mo ṣì lè jẹ púfù-púfù àti mítì páì? Báwo ni mo ṣe máa jẹun lóde?”

Ẹ kú ìfaradà o, arábìnrin wa. Lẹ́tà yín gùn ju báyìí lọ, mo gé e kúrú ni. Bí mo ṣe kà á, kì í ṣe búrẹ́dì gan-an ló ń dùn yín. Ohun tó ń dùn yín ni kí gbogbo tábìlì máa jẹun kí ẹ̀yin máa mu omi. Iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ ni mò ń ṣe ní Britain níbí, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá mi. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni n óò sọ fún ẹ̀yin náà: oúnjẹ wa kọ́ ni ọ̀tá yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní gluten rárá. Orógùn, epo tí wọ́n fi dín nǹkan mìíràn, àti fláwà tí alásè dà sínú ohun tí ẹ kò retí, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Kí ọkọ yín má bínú, ọ̀rọ̀ àrùn òyìnbó yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Gluten jẹ́ purotéènì tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì. Bí ó bá dé ìfun kékeré ẹni tó ní coeliac, àwọn ọmọ-ogun ara á ṣì í mú fún ọ̀tá, wọ́n á dìde ìjà, ìfun fúnra rẹ̀ ni ìjà náà yóò sì bà jẹ́. Irun wẹ́wẹ́ inú ìfun tó ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì tí kò ṣiṣẹ́: irin inú rẹ̀ kò ríbi wọlé. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́ kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà òtútù 1944 sí 1945, ebi mú níbẹ̀ débi pé búrẹ́dì di àwátì, síbẹ̀ ara àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ní 1950 ló kọ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní ti pé àwọn aláwọ̀ funfun ló ni ín, àwọn Saharawi ní Àríwá Áfíríkà wà lára àwọn tí ó pọ̀ láàárín wọn jù lọ láyé. Ní Britain, bí ẹnì 1 nínú 100 ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Nílé, iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀wà àti ọkà bàbà ni àwọn baba wa ń jẹ, wọn kì í jẹ àlìkámà. Búrẹ́dì pàápàá kò tíì pẹ́ láàárín wa, nítorí ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford ló sọ ọ́ di òwò ńlá l'Ékòó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá sì gbé inú rírun àti àìtó ẹ̀jẹ̀ dé ọsibítù lọ́hùn-ún, ibà, aràn àti ọgbẹ́ inú ni wọ́n á kọ́kọ́ ronú kàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pò ó mọ́ alẹ́jì. Ẹni tí ẹ̀pà kò bá lára mu, ojú rẹ̀ lè wú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ọ̀fun rẹ̀ sì dí. Tiyín yàtọ̀. Ẹ lè jẹ bọ́ọ̀nsì kan lónìí kí inú kàn kùn díẹ̀, tàbí kí ẹ má tilẹ̀ mọ nǹkan kan lára, kí ìfun sì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Èyí ló ń jẹ́ kí àwọn àgbà máa sọ pé díẹ̀ ò lè pa èèyàn. Lóòótọ́, kò ní pa yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí òfin tó gbà kí wọ́n pe oúnjẹ kan ní gluten-free ní Britain àti Yúróòpù, gluten inú kílógíráàmù kan rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ. Èérún búrẹ́dì díẹ̀ tó já sínú ìkòkò lè kọjá ìyẹn. Kò sí oògùn, kò sí àgbo, kò sì sí ààwẹ̀ tó ń lé e lọ. Oúnjẹ nìkan ni ìtọ́jú tó wà títí di òní. Bí ẹ bá pa á mọ́, ìfun á máa san padà, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù díẹ̀, ó sì lè gba ọdún, nítorí náà ẹ má sọ̀rètí nù bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gòkè lọ́sẹ̀ méjì.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí semo. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn yín, àmọ́ semo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé jáde nílé. Àlìkámà ni, wọn kò kàn lọ̀ ọ́ kúnná bíi fláwà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kúsíkúsì, Indomie, sùpàgẹ́tì, makaróní, àti ìyẹ̀fun wheat tí wọ́n ń rò jẹ. Ọ́ọ̀tì tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń rò bí ọkà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlìkámà, ṣùgbọ́n nínú oko àti nínú ẹ̀rọ ni àlìkámà ti ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n kọ gluten-free sí lára nìkan ni kí ẹ rà, kí ẹ sì jẹ́ kí ara yín balẹ̀ ná kí ẹ tó dán an wò, nítorí àwọn díẹ̀ wà tí ọ́ọ̀tì tó mọ́ pàápàá ń yọ lẹ́nu. Mọ́ọ̀tì tí wọ́n máa ń gbé fún ẹni tí kì í mu ọtí níbi òde ńkọ́? Báálì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì wọlé ní 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí sì yíjú sí ọkà bàbà; ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan ṣì gbà pé mọ́ọ̀tì tiwa kò léwu. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Milo àti Ovaltine náà ní mọ́ọ̀tì báálì nínú. Búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tí ìjọba Ọbásanjọ́ àti ti Jonathan pariwo rẹ̀ nílé kò ní gbà yín, nítorí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ni wọ́n ń bù mọ́ fláwà. Àlìkámà ló ṣì pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, wheat-free kì í ṣe gluten-free, torí báálì àti ráì lè wà níbẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, ẹ lè rí gluten-free lára páálí kí ẹ tún rí wheat starch lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ìyẹn, wọ́n ti fọ gluten inú rẹ̀ kúrò títí ó fi bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n tí òfin là kalẹ̀. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni èlùbọ́ tí kò ní àkọlé kankan, tí ẹnì kan dì sínú báàgì wá látilé. Èlùbọ́ fúnra rẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ ni mi ò mọ̀, nítorí àlìkámà oníbàárà mìíràn lè ti gba ẹnu ẹ̀rọ náà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n wá ibi tó jẹ́ èlùbọ́ àti gàrí nìkan ni wọ́n ń lọ̀.

Ní ti búrẹ́dì, n óò sọ òótọ́ fún yín. Bí fláwà bá kan omi tí a sì pò ó, gluten ló ń di ohun tó ń fà, òun ló ń ká atẹ́gùn yíìsì mọ́ inú rẹ̀ kí ó lè wú. Àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì Agége a máa ti àpòpọ̀ náà gba àárín irin méjì tó ń yí, léraléra, títí á fi máa dán. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ fà á ya pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gluten ni látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ń ta Agége tí kò ní gluten tó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ yẹ ọ̀rá rẹ̀ wò dáadáa. Ìyẹn ni mo fi ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n dágbére fún un, kí wọ́n yé wá àfijọ rẹ̀ kiri. Búrẹ́dì súpámákẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní ó dà bíi páálí, ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú firísà, ẹ máa yọ ọ́ ní ẹyọ, kí ẹ sì yan án nínú tósítà tó jẹ́ tiyín nìkan, nítorí èérún búrẹ́dì àwọn ọmọ ló kún inú ti gbogbo ilé. Owó rẹ̀ náà ní ọ̀nà: Wales àti Scotland ní ètò tí wọ́n fi ń fún ẹni tó ní coeliac ní irú oúnjẹ yìí, ní England, ibi tí ẹ ń gbé ló máa pinnu bóyá GP, dókítà àdúgbò yín, lè kọ búrẹ́dì àti fláwà fún yín. Ẹ bi wọ́n.

Púfù-púfù ṣeé ṣe, kò kàn ní rí bákan náà ni. Ẹ mú gíráàmù 200 ìyẹ̀fun ìrẹsì tó kúnná, 100 sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń kọ tapioca sí lára, ṣíbí ìjẹun kan psyllium husk tí wọ́n ti lọ̀ (èèpo èso kan tó máa ń fa omi), yíìsì gíráàmù 7, ṣúgà bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, iyọ̀ díẹ̀, nọ́tímẹ́ẹ̀gì, àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bíi mílílítà 300. Psyllium yẹn ló ń gba iṣẹ́ gluten ṣe. Ẹ jẹ́ kó mu omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó sọ pé ó ṣàn jù, torí á ki lójú yín. Ẹ bò ó títí á fi wú díẹ̀. Kò ní wú tó ti fláwà. Ẹ ò lè fún un láàárín àtàǹpàkò sínú epo bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò ní já. Ṣíbí méjì tí ẹ ti bọ epo ni kí ẹ fi máa gé e, kékeré kékeré, kí epo má sì gbóná jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òde á pọ́n, inú á sì wà ní tútù lẹ́pẹlẹ̀pẹ. Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́. Tó bá fi dọjọ́ kejì, ó ti le.

Ṣin-ṣin rọrùn ju ìyẹn lọ, torí kò níí wú, gígan ni a sì ń fẹ́ lára rẹ̀. Ìyẹ̀fun ìrẹsì, sítáàṣì ẹ̀gẹ́, bọ́tà, ẹyin, mílíìkì, ṣúgà, àti xanthan gum, ìyẹ̀fun tó ń mú nǹkan lẹ̀ pọ̀, ṣíbí tíì kan. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì kí ẹ tó gé e, kó má baà máa fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ àlejò tí wọ́n jẹ ẹ́ nílé àwọn tí mò ń tọ́jú kò mọ̀ pé kì í ṣe fláwà. Mítì páì wà láàárín méjèèjì: èèpo rẹ̀ á rọ̀, ẹ ó nà án láàárín ọ̀rá méjì ni, bó bá sì ya ẹ fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé ni inú rẹ̀. Fláwà la máa ń fi mú omi ẹran yẹn ki. Kọ́ńfláwà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tó wà lára kúùbù àti kọrí, nítorí àwọn tó ń ṣe é kan a máa bu fláwà sí i.

Kí ẹ tó náwó púpọ̀ sórí gbogbo ìyẹn, ẹ rántí pé a ní ohun ìpanu tí kò mọ àlìkámà rí: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, àádùn, kókóró, róbó, ìpékeré, bọ̀ọ̀lì, gúgúrú àti ẹ̀pà. Àwọn ọmọ wa ní Brazil ṣì ń dín àkàrà lójú pópó ní Bahia, acarajé ni wọ́n ń pè é, ẹ̀wà àti epo pupa náà ni. Àwọn ará Brazil tún ń fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti wàràkàṣì ṣe búrẹ́dì róbótó kan, pão de queijo, tó wà nínú firísà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní London. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju búrẹ́dì páálí yín yẹn lọ. Láti 2003 ni òfin wọn ti sọ pé gbogbo oúnjẹ tí wọ́n dì gbọ́dọ̀ sọ bóyá gluten wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ó wù mí kí a nírú rẹ̀ nílé.

Ó wá ku òde. Ní Britain, dandan ni kí ilé oúnjẹ lè sọ fún yín bí ọ̀kan nínú ohun 14 tó ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu bá wà nínú oúnjẹ wọn, ọkà tó ní gluten sì wà lára wọn. Láti October 2021, ohun tí wọ́n fúnra wọn dì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó dé gbọ́dọ̀ ní àkọlé gbogbo èròjà rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin Natasha. Òfin wà, àmọ́ òfin kọ́ ló ń ro àmàlà. Bí ẹ bá dé ilé oúnjẹ wa tí ẹ béèrè pé ṣé gluten wà nínú rẹ̀, ọmọ tó ń gbé oúnjẹ á ní rárá, kò mọ ohun tí ẹ ń wí. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọjà kò yá, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹni tó ń sè é, kí ẹ sì béèrè nǹkan tí ọwọ́ lè tọ́ka sí. Ṣé orógùn tí ẹ fi ro semo lẹ fi ń ro àmàlà? Ṣé epo tí ẹ fi dín púfù-púfù lẹ fi ń dín dòdò? Ṣé ẹ máa ń yí ẹja nínú fláwà kí ẹ tó dín in? Kí lẹ fi ń mú ọbẹ̀ ki? Ṣé sọ́ọ̀sì sóyà wà nínú ìrẹsì díndín? Àlìkámà wà nínú ọ̀pọ̀ sóyà. Súyà sábà máa ń mọ́, torí kúlíkúlí àti ata ni yájì, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló gún un tàbí wọ́n rà á ní lílọ̀. Bí ìdáhùn wọn bá ń ṣe ségesège, mọ́ínmọ́ín inú ewé ni kí ẹ rà, bó bá jẹ́ pé ẹ̀wà, ata àti epo nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí ewé ti wé kò bá orógùn ẹnikẹ́ni pàdé. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín lórí ibi tí ìkòkò epo kan ṣoṣo bá wà. Ẹ má jẹ ohun díndín níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n búra tó.

Níbi òwàḿbẹ̀, ẹ pe alásè ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ má pe olówó ayẹyẹ. Òun ní ẹgbẹ̀rún wàhálà. Ẹ ní kí alásè bu jọ̀lọ́ọ̀fù tiyín sínú abọ́ onídèérí kí ṣíbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti kúlà dé kúlà. Àwo small chops, ẹ fò ó dá: bí wọ́n bá tilẹ̀ ní ẹran inú rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ púfù-púfù àti sàmósà ló sùn sí. Ẹ jẹ nǹkan kúrò nílé, kí ẹ sì gbé fláàsìkì kékeré dání. Ní ti fújà tí wọ́n ń sọ, àwọn tó ń yẹra fún gluten nítorí àṣà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún yín. Wọ́n á ní àwọn kì í jẹ ẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n á gbé bíà. Ẹ má ṣàlàyé gluten fún ìyá ìyàwó. Ẹ kàn sọ pé: “Mà, ìfun mi ló ń ṣàìsàn, fláwà ló ń bà á jẹ́, dókítà ló ká a léèwọ̀ fún mi.” Kò sẹ́ni tó máa fi èèwọ̀ dókítà ṣeré. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ ṣèèṣì jẹ ẹ́, ẹ mu omi, ẹ sinmi, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀. Ẹ má wá torí ìyẹn jẹ ìyókù àwo.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ ń gba oúnjẹ Olúwa, àmọ́ àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì rẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì kò gba èyí tí kò ní gluten rárá, ṣùgbọ́n wọ́n gba èyí tí gluten inú rẹ̀ kéré gan-an, wọ́n sì gbà kí ẹ mu nínú ife nìkan. Ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ní èyí tí kò ní gluten. Kí wọ́n ṣáà gbé tiyín sínú àwo ọ̀tọ̀.

Mi ò rí àbọ̀ àyẹ̀wò yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ egungun, fítámììnì D àti ìwọ̀n oògùn ẹ̀jẹ̀ di ti dókítà yín àti onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n bá fà yín lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ kò béèrè. Nínú òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tó ní coeliac, bí ẹnì 1 nínú 10 ló lè ní i. Ẹ sọ fún GP kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò, kí ẹ̀gbọ́n yín tó ń jẹ semo náà lọ ṣe tirẹ̀. Kí àyẹ̀wò náà lè rí nǹkan, ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ti máa jẹ gluten lójoojúmọ́, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Torí náà, bí inú bá tilẹ̀ ń bí yín sí àlìkámà báyìí, ẹ má tíì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn ọmọ títí èsì yóò fi dé.